Ẹ̀nà, Àrokò àti Kóòdù: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Rìmóòtù Gbogboǹṣe

1. Ìfáárà

Ẹni tí ó ra tẹlifíṣọ̀n tòkunbọ̀ tí rìmóòtù rẹ̀ ti sọnù yóò lọ ra rìmóòtù gbogboǹṣe lọ́jà, èyí tí a ṣe láti bá oríṣiríṣi ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Bí ó bá bèèrè bí yóò ṣe lò ó, èsì tí yóò gbọ́ ni pé kí ó wá "kóòdù" rẹ̀. Bí tẹlifíṣọ̀n náà kò bá dáhùn, wọn a ní kóòdù kò bá a mu. Bí ó bá dáhùn sí bọ́tìnì kan tí kò sì dáhùn sí èkejì, kóòdù náà ni wọn yóò tún dá lẹ́bi.

Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ń tọ́ka sí: nọ́ḿbà tí a tẹ̀ sínú rìmóòtù, òfin tí a fi ń to àmì ìmọ́lẹ̀, àti àmì tí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ń rán jáde. Níwọ̀n ìgbà tí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ ọ̀kan, olùkọ́ kò lè fi ibi tí àṣìṣe wà han akẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yìí ni láti yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ó sì dábàá ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

2. Ìmọ́lẹ̀ ìsàlẹ̀-pupa àti ìgbì alárù

Ní ọdún 1800, William Herschel fi gíláàsì onígun mẹ́ta pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ rẹ̀ gbogbo, ó sì gbé tẹmómítà sí ẹ̀gbẹ́ àwọ̀ pupa, níbi tí ojú kò ti rí ohunkóhun. Tẹmómítà náà gbóná. Ìmọ́lẹ̀ tí ó mú un gbóná ni a lè pè ní ìmọ́lẹ̀ ìsàlẹ̀-pupa, nítorí pé ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ti àwọ̀ pupa lọ. Ojú ènìyàn kì í sábà rí ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ bá ju nǹkan bí 700 nànómítà lọ. Èyí tí ọ̀pọ̀ rìmóòtù ń tàn tó nǹkan bí 940 nànómítà.

Ṣùgbọ́n oòrùn àti gílóòbù pẹ̀lú ń tan ìmọ́lẹ̀ yìí. Kí tẹlifíṣọ̀n má baà ṣì wọ́n gbọ́, rìmóòtù máa ń mú kí iná rẹ̀ ṣẹ́jú kíákíá, láàárín ìgbà 36,000 sí 40,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣẹ́jú oníwọ̀n yìí nìkan ni ojú ìgbàmì ara tẹlifíṣọ̀n ń kà sí. Orúkọ tí ó yẹ ẹ́ ni ìgbì alárù. Alárù kì í ṣe ẹrù. Òun kàn ni ó gbé e dé ibi tí ó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbì yìí kò ní ìtumọ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà tí ó fi tàn, tí a ó pè ní ìtanná, àti ìgbà tí ó fi dá, tí a ó pè ní ìdákẹ́, ni ìtumọ̀ wà.

3. Ẹ̀nà

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan fún sísọ̀rọ̀ lábẹ́ òfin tí àwọn olùsọ̀rọ̀ ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí: ẹ̀nà ni. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti ṣe àlàyé rẹ̀ nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 1982. Bí òfin bá ní kí a fi g àti fáwẹ̀lì tí ó ṣáájú rẹ̀ kún sílébù kọ̀ọ̀kan, ọmọ yóò di ọgọmọgọ. Ẹni tí kò mọ òfin náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ariwo lásán ni yóò gbọ́. Bákan náà ni tẹlifíṣọ̀n rí sí àmì tí a kò tò lọ́nà tí ó mọ̀. Nítorí náà, ẹ̀nà ni òfin ìto-àmì. Ẹ jẹ́ kí a wo mẹ́ta tí ó gbajúmọ̀, kí a fi mílísẹ́kọ́ǹdì wọ̀n wọ́n, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan.

(i) Ẹ̀nà NEC. Ìgbì alárù rẹ̀ jẹ́ 38,000. Ó kọ́kọ́ ń kágò: ìtanná mílísẹ́kọ́ǹdì 9, ìdákẹ́ 4.5. Lẹ́yìn àgò yìí ni ẹyọ 32 tẹ̀ lé e. Ìtanná gbogbo ẹyọ dọ́gba, ìdákẹ́ ni ó yàtọ̀: òdo gba 1.125 lápapọ̀, ení gba 2.25. Ẹyọ 8 jẹ́ ìpè, èyí tí í ṣe orúkọ ẹ̀rọ tí a ń bá wí. 8 jẹ́ òdì ìpè. 8 jẹ́ àṣẹ. 8 jẹ́ òdì àṣẹ. Bí ìpè bá jẹ́ 00100000, òdì rẹ̀ yóò jẹ́ 11011111. Nítorí òdì yìí, òdo 16 àti ení 16 ni ó máa ń wà nínú gbogbo àmì, àpapọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àgò kì í sì í yẹ̀ ní 67.5.

(ii) Ẹ̀nà Sony. Ìgbì alárù rẹ̀ jẹ́ 40,000. Àgò rẹ̀ jẹ́ ìtanná 2.4. Níhìn-ín, ìdákẹ́ ni ó dọ́gba ní 0.6, ìtanná ni ó yàtọ̀, 1.2 fún ení, 0.6 fún òdo. Ẹyọ rẹ̀ lè jẹ́ 12, 15 tàbí 20. Àṣẹ ni ó ṣáájú, ìpè ni ó tẹ̀ lé e.

(iii) Ẹ̀nà RC-5 ti Philips. Ìgbì alárù rẹ̀ jẹ́ 36,000, ẹyọ rẹ̀ sì jẹ́ 14. Gbogbo ẹyọ ni ó gùn bákan náà, 1.778. Bí ìdákẹ́ bá ṣáájú ìtanná nínú ẹyọ kan, ení ni. Bí ìtanná bá ṣáájú, òdo ni. Ẹyọ kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń yí padà nígbàkúùgbà tí a bá tún bọ́tìnì tẹ̀. Ẹyọ aparadà ni a ó pè é.

4. Àrokò

Àmì odindi tí bọ́tìnì kan rán, tí ó ní ìpè àti àṣẹ nínú, ni àrokò. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀nà hàn gbangba: nínú ẹ̀nà kan ṣoṣo, a lè rán ẹgbẹẹgbẹ̀rún àrokò. Kóòdù ní tirẹ̀ kò yẹ kí a lé dànù, nítorí ó ti di ọ̀rọ̀ ọjà. Kí ó máa jẹ́ orúkọ nọ́ḿbà tí a tẹ̀ sínú rìmóòtù gbogboǹṣe nìkan, èyí tí ń tọ́ka sí ẹ̀nà kan, ìpè kan àti àkójọ àṣẹ kan.

5. Wíwá ẹ̀nà tí ó tọ́

Bí rìmóòtù àkọ́kọ́ bá ṣì wà, a ó tẹ bọ́tìnì rẹ̀ síwájú ojú ìgbàmì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà kékeré, a ó sì wọn ìtanná àti ìdákẹ́ rẹ̀. Ibi àgò ni kí a kọ́kọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ 9 àti 4.5, NEC ni a ó kọ́kọ́ fura sí, iye ẹyọ àti òdì ni yóò sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Rìmóòtù tí ń kẹ́kọ̀ọ́, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Steve Wozniak gbé jáde ní 1987, ń ṣe ìwọ̀n yìí fúnra rẹ̀.

Bí ti àkọ́kọ́ bá ti sọnù, a ó máa dán kóòdù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tí a kọ sára tẹlifíṣọ̀n kò tó ẹ̀rí, nítorí ilé iṣẹ́ kan lè pa ẹ̀nà dà: Philips fúnra rẹ̀ lo RC-5, ó sì tún lo RC-6 lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni irú ìkùnà tí ó ṣẹlẹ̀:

(a) Bí kò bá dáhùn rárá, kí a fi kámẹ́rà fóònù wo iná rìmóòtù. Bí ó bá ń tàn, ẹ̀nà tàbí ìpè ni kò bá a mu.
(b) Bí ó bá dáhùn kìkì nígbà tí a sún mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kí ìgbì alárù yàtọ̀ díẹ̀, bíi 36,000 fún 38,000.
(d) Bí bọ́tìnì kan bá ṣiṣẹ́ tí òmíràn kò ṣiṣẹ́, ẹ̀nà àti ìpè tọ̀nà. Àkójọ àṣẹ ni ó yàtọ̀. Kí a wá kóòdù mìíràn nínú ẹ̀nà kan náà.
(e) Bí a bá tẹ 1 lẹ́ẹ̀mejì láti wá ìkànnì 11, tí tẹlifíṣọ̀n ka ẹyọ kan, a jẹ́ pé rìmóòtù tí ó kẹ́kọ̀ọ́ RC-5 ń tún àrokò kan náà rán láìyí ẹyọ aparadà padà.

6. Ìgúnlẹ̀

Ẹnìkan lè jiyàn pé ìpamọ́ ni Yorùbá fi ń sọ ẹ̀nà, bẹ́ẹ̀ rìmóòtù kò fi nǹkan kan pamọ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdí tí a fi ń sọ ẹ̀nà kọ́ ni ó sọ ọ́ di ẹ̀nà. Òfin tí olùsọ àti olùgbọ́ jọ mọ̀ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè sọ pé "ẹ̀nà tọ̀nà, ìpè tọ̀nà, àṣẹ ni ó ṣì" ti mọ ibi tí yóò túnṣe. Èyí tí ó mọ "kóòdù" nìkan yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní.