Ṣé pípín ni, àbí àjọlò?

Òǹkàwé kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Tema, ní Gánà, béèrè bóyá ó tọ́ kí òun sọ fún oníbàárà pé: "Mo ti pín háàdì díìsìkì yín, kí Windows àti Linux lè máa pín fáìlì." "Pín" méjì ló wà nínú gbólóhùn yẹn. Èkíní tọ́. Èkejì ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ohun tí a bá pín, olúkúlùkù a gba tirẹ̀ lọ. À ń pín ogún, à ń pín ẹran iléyá. Èyí tó bá kan ẹ̀gbọ́n, àbúrò kò lọ́wọ́ níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó ní kí ẹ pín fídíò lórí Facebook kò ṣì í pátápátá, torí kálukú ló ń rí tirẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n bí Windows àti Linux bá pín fáìlì, a jẹ́ pé àwọn kan bọ́ sọ́wọ́ Windows, ìyókù di ti Linux. Ohun tí ẹ̀yin ṣe kọ́ nìyẹn. Ẹ ṣe é kí àwọn méjèèjì lè jọ máa lo fáìlì kan náà. "Jọ" yìí ló bí àjọjẹ, àjọni àti àjọlò.

Ẹ wo ìlú tí ẹ ń gbé. Wọ́n pín Tema sí Community One, Community Two, títí lọ. Ṣùgbọ́n èbúté tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 1962, ẹrù Burkina Faso, Mali àti Niger náà ń gba ibẹ̀ kọjá. Ta ni yóò sọ pé wọ́n pín èbúté? Wọ́n jọ ń lò ó ni.

Ẹ má sì pe apá kọ̀ọ̀kan háàdì díìsìkì ní "ìpínyà". Ọ̀rẹ́ méjì tó kọ ara wọn sílẹ̀ ló ni ìyẹn. "Ìpín" ti tó.

Ní ti iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ da fáìlì oníbàárà kọ síbòmíràn kí ẹ tó pín ohunkóhun. Windows kì í dá ka ext4, ìlànà ìtọ́jú fáìlì tí Linux ń lò, nítorí náà exFAT ló yẹ ìpín àjọlò. Linux ti ń gbà á láti kernel 5.4, ní 2019. Ẹ má lo FAT32 dípò rẹ̀, torí fáìlì tó bá tó 4GB kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ pa Fast Startup inú Windows pẹ̀lú, torí bí ó bá ń ṣiṣẹ́, Windows kì í kú tán, fáìlì sì lè bàjẹ́ bí Linux bá kọ nǹkan sórí ìpín tí Windows ò tíì fi sílẹ̀.

Ohun tí ẹ ó sọ fún oníbàárà rèé: "Mo pín háàdì díìsìkì yín sí mẹ́ta. Windows ní tirẹ̀, Linux ní tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ń lo ìkẹta."