Ẹja Pẹlẹbẹ Tí Ń Pa Ẹja Jẹ: Ṣé Ẹ̀tọ́ Ni fún Wa?



Àwa ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò kò jìnnà sí omi, ẹja kì í sì í wọ́n nínú ọbẹ̀ wa. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ yanjú ìbéèrè kan lóṣù yìí. Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ ẹranko tí ń fi eyín ọ̀gàn pa ẹran jẹ fún wa. Ẹja tí ó ní eyín mímú, tí ó ń pa ẹja ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ẹja náà. Nígbà tí ẹja pẹlẹbẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin, ojú kọ̀ọ̀kan ló wà ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì. Bí ó ti ń dàgbà, ojú kan á ṣí lọ bá èkejì, ẹja á sì fi ẹ̀gbẹ́ tí kò lójú mọ́ lélẹ̀. Ẹnu sole tí a ń rà lọ́jà kéré. Àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú ẹrẹ̀ ló ń jẹ.

Psettodes yàtọ̀. Ó wà nínú òkun láti Mauritania dé Angola, títí dé ibú nǹkan bíi mítà 150. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, eyín rẹ̀ mú, ẹja ni oúnjẹ rẹ̀ jù. Ojú tí ó ṣí kò rìn jìnnà, etí òkè orí ló dúró sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni halibut Greenland inú òkun tútù àríwá, tí ó lè wà níbú tó mítà 2,000. Kì í dùbúlẹ̀ ṣọ́ oúnjẹ nìkan. Ó ń gbéra nílẹ̀ lọ lé ẹja àti edé láàrin omi. Ojú etí orí yìí ló ń jẹ́ kí ó ríran yí ká. Ọba tó dá a fi ojú rẹ̀ síbi tí oúnjẹ rẹ̀ gbà wà.

Ìdájọ́ ńkọ́? Suratul Maida, aaya 96, ṣe ohun ọdẹ inú omi ní ẹ̀tọ́ fún wa. Ẹranko orí ilẹ̀ ni òfin eléyín ọ̀gàn wà fún. Nítorí náà, ẹ má ṣe tìtorí eyín sọ ẹja di èèwọ̀. Ẹni tó sọ ẹ̀tọ́ di èèwọ̀ ṣẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sọ èèwọ̀ di ẹ̀tọ́.

Kí Ọlọ́hun Ọba ṣe àlékún ìmọ̀ wa. Àmín.