A Kì Í Dáhùn Ìbéèrè Tí A Kò Gbọ́

Inú ló bí mi tí mo fi gbé kálámù. Lóṣù tó kọjá, wọ́n pè mí wá wo ìdánrawò kan tí àwọn ọ̀dọ́ alukoro ń ṣe. Wọ́n ní ká gbà pé iléeṣẹ́ iná núkílíà kan ti bú gbàmù lókè òkun, kí wọ́n wá bá aráàlú sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú 18 lọ, àtẹ̀jáde ti jáde: kò séwu, ibẹ̀ jìnnà sí wa, ẹ má fòyà. Ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́, wọ́n kí ara wọn kú iṣẹ́, wọ́n ya fọ́tò. Èmi gba ẹ̀yìn lọ sí yàrá tí wọ́n kó fóònù sí. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bá níbẹ̀, tó ń gbọ́ ti àwọn tó ń ṣe bí aráàlú. Ó ti kọ ìbéèrè kún ojú ewé mẹ́rin. Mo bi í pé ta ló ti kà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, kò tíì sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ o."

Ojú ewé mẹ́rin yẹn gan-an niṣẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún, ariwo ni.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò ní kọ́ yín ní ohun tí ẹ ti mọ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹnu kan ni iléeṣẹ́ fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ pé irọ́ kì í pẹ́ tú. Ọ̀rọ̀ becquerel àti sievert tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán olóró, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Èyí tí ẹ ń fò ni mo bá wá: ìwé ìbéèrè. Kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan ṣoṣo, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń bi yín.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fún odidi oṣù mẹ́ta. Ìwé kékeré kan báyìí ni wọ́n fún mi, wọ́n ní kí n máa lọ jókòó ní ọjà Dùgbẹ̀, ní Ìbàdàn. Ohun tí ojú tiwọn náà ti rí ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ní February 13, 1960, Faransé dán bọ́ǹbù átọ́míìkì rẹ̀ àkọ́kọ́ wò ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà. Ìgbà ọyẹ́ ni, láti aṣálẹ̀ yẹn náà sì ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá bá wa. Nínú ọ́fíìsì, ìṣirò máìlì ni wọ́n ń ṣe. Lóde, ìyá kan tó sá èlùbọ́ síta ń bi ọ̀gá mi pé, "Eruku tó ń bà lé èlùbọ́ mi yìí, ṣé ti ọdọọdún ni, àbí ti Faransé?" Ọ̀gá mi ní kò sẹ́nìkan nínú ọ́fíìsì tó ti ro ti èlùbọ́. Lóòótọ́, Nàìjíríà já okùn àjọṣe pẹ̀lú Faransé ní January 1961 nítorí àwọn bọ́ǹbù yẹn, wọ́n sì dá ẹ̀ka tó ń ṣọ́ ìtànṣán olóró sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1964. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ìyá yẹn ò rẹ́ni dá a lóhùn.

Èmi gan-an gba ẹ̀kọ́ tèmi ní 1986. Òru April 26 ni ẹ̀rọ iléeṣẹ́ iná núkílíà Chernobyl, ní ilẹ̀ Soviet, bú. Ìjọba Soviet ò wí fáyé títí di alẹ́ April 28. Bàtà òṣìṣẹ́ kan ní iléeṣẹ́ iná núkílíà Forsmark, ní Sweden, ló kọ́kọ́ mú kí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìtànṣán níbẹ̀ ké láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí Moscow tó lanu. Nígbà tí ìròyìn dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀gá mi ní kí n gbé ìwé mi, ó di Dùgbẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ni màá gbọ́. Wàrà ni wọ́n ń bi mí. "Wàrà ẹlẹ́bu tó ń ti Yúróòpù wá ńkọ́? Ṣé kí n ṣì máa fún ọmọ mi?" Mo kà á sí ìbéèrè ẹni tí ò kàwé, mo fa ìlà sí i lórí kí n tó dé ọ́fíìsì. Ọ̀gá mi wo ìlà yẹn títí. Wọ́n ní, "Ìwọ lo gọ̀."

Ní 1987, wọ́n ká wàrà ẹlẹ́bu mọ́ inú àwọn ọkọ̀ ojú irin ní Bremen, ní Jámánì. Eruku Chernobyl ti bà á jẹ́ ní Bavaria, Íjíbítì àti Àǹgólà ni wọ́n sì fẹ́ kó o lọ. Ọ̀gá mi gé ìròyìn náà nínú ìwé ìròyìn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé tí mo fa ìlà sí. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ má rò pé àwa nìkan la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní June ọdún 1986 yẹn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn tó ń sin àgùntàn lórí òkè Cumbria má ta ẹran fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé ìtànṣán Chernobyl á ti rọlẹ̀. Ilẹ̀ amọ̀ ni àwọn onímọ̀ fi ṣírò, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ òkè ibẹ̀ kì í ṣe amọ̀, ilẹ̀ dúdú olómi ni. Àwọn àgbẹ̀ mọ ilẹ̀ wọn, kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Ọdún 2012 ni òfin ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta náà tó kúrò lọ́rùn àwọn tó gbẹ̀yìn.

Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, aráàlú ló ń béèrè ọ̀nà, àwa alukoro là ń ṣìnà.

Mi ò yọ ara mi sílẹ̀. Nígbà tó di 2011, mo ti ní tábìlì tèmi, ọ̀gá mi sì ti fẹ̀yìn tì. Ní March 11, ilẹ̀ mì ní Japan, omi òkun ya wọlẹ̀, iléeṣẹ́ Fukushima Daiichi ò sì ní iná tó máa fi mú kí ẹ̀rọ rẹ̀ tutù mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ilé ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bú. Kíá ni mo kọ àtẹ̀jáde: Japan jìnnà sí wa ní nǹkan bíi 13,000 kìlómítà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá kan ló kọ́kọ́ pè, láti Mọ́kọ́lá. Ọmọ rẹ̀ ń kàwé ní Tokyo. Japan kó èèyàn kúrò ní 20 kìlómítà sí iléeṣẹ́ náà, Amẹ́ríkà sọ fún àwọn ọmọ tiẹ̀ pé kí wọ́n jìnnà tó 80, Faransé ní kí tiwọn fi Tokyo sílẹ̀. "Ta ni kí ọmọ mi gbà gbọ́? Omi ẹ̀rọ ńkọ́?" Ìyá ẹlẹ́ja kan ló tẹ̀ lé e, láti Bódìjà: "Ẹja tútù inú firísà mi ńkọ́, ọ̀gá? Àwọn oníbàárà ti ń wò ó tìfura-tìfura." Ẹnìkẹta ń ta mọ́tò tòkúnbọ̀, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìtànṣán lè lẹ̀ mọ́ irin. Kìlómítà mi ò dáhùn ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bẹ́ẹ̀ kò sí òmùgọ̀ nínú wọn. Kí oṣù yẹn tó parí, Tokyo kéde pé áyódíìnì olóró inú omi ẹ̀rọ ti dé 210 becquerel nínú lítà kan, nígbà tí òdiwọ̀n ọmọ ọwọ́ jẹ́ 100. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ yẹ mọ́tò àlòkù wò ní èbúté Japan kí wọ́n tó kó o sọ́kọ̀ òkun.

Lọ́sẹ̀ tí àwọn ìpè yẹn wọlé, àwọn ará Ṣáínà rọ́ lọ ra iyọ̀, nítorí wọ́n gbọ́ pé áyódíìnì inú rẹ̀ ń gbani lọ́wọ́ ìtànṣán. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìwọ̀n tó wà nínú oògùn áyódíìnì kan nínú iyọ̀, á jẹ tó nǹkan bíi kílò mẹ́ta, iyọ̀ á sì ti pa á kí ìtànṣán tó dé. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní August 2014, nígbà Ebola, àwa náà dìde lóru, a fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀, àwọn kan mu ún, ẹ̀mí sì bá a lọ. Kì í ṣe òmùgọ̀ ló ń sáré ra iyọ̀. Ẹni tó béèrè pé "Kí ni kí n ṣe?" tí kò rẹ́ni dá a lóhùn ni.

Mo rí ẹni tó ṣe é dáadáa ní 2011 yẹn náà. John Beddington, olùdámọ̀ràn àgbà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nígbà náà, ń bọ́ sórí fóònù láti ìlú rẹ̀, àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ ní Tokyo sì ń bi í ní ohun tó wà lọ́kàn wọn. Ó sọ ohun tó burú jù tó lè ṣẹlẹ̀ fún wọn, ó sì sọ ìdí tí kò fi ní pọn dandan kí wọ́n sá kúrò ní Tokyo síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè kà á.

Báwo lẹ ó ṣe ṣe tiyín? Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe jáde lẹ́nu ẹni tó pè ni kí ẹ kọ ọ́. Bí ìyá bá pè é ní "afẹ́fẹ́ bọ́ǹbù," ẹ kọ "afẹ́fẹ́ bọ́ǹbù." Bí ẹ bá sọ ọ́ di èdè ọ́fíìsì, ìbéèrè tiyín lẹ ó dáhùn, tirẹ̀ á wà nílẹ̀. Ẹni tó ní ọmọ tàbí ọkọ níbẹ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ dá a lóhùn ṣáájú ẹni tó ń ṣọ́ ọjà rẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ sọ pé ẹ kò tíì mọ̀, kí ẹ dá aago tí ẹ ó padà wá. Bí aago náà bá lù tí ẹ kò rí nǹkan kan, ẹ ṣáà padà wá sọ pé ẹ kò rí i.

Ẹ ó ní kò sáyè. Mo ka ojú ewé mẹ́rin ọmọbìnrin yẹn lórí ìdúró, kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Ní ojú ewé kejì, ẹnìkan béèrè pé: "Atukọ̀ òkun lọkọ mi, ọkọ̀ wọn ń bọ̀ wá gba ibẹ̀ kọjá, ta ni mo lè pè?" Àtẹ̀jáde tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ò ní nọ́ńbà fóònù kankan nínú.

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn. Ẹ lọ gbà á kà.