Ohun tí Awò Amúhuntóbi Fi Hàn nípa Àtọ̀gbẹ: Àbá lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí

1. Ìfáàrà

Ní ọdún 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ bíbí Òkèmẹ̀sí-Èkìtì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 832 tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ ní Nàìjíríà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Olùkọ́ tí ó wà ní Ìjàn, Ìkéré, Ìṣẹ́ tàbí Ẹmùré, tí ó fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ tí òun nílò kò tíì fìdí múlẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò yẹ díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà wò. Àbá wa ni pé ohun tí awò amúhuntóbi, èyíinì ni máíkírósíkóòpù, fi hàn ni ó yẹ kí ó jẹ́ òṣùwọ̀n fún wa.

2. Orúkọ àrùn náà

Orúkọ méjì ni ó wọ́pọ̀: àtọ̀gbẹ àti ìtọ̀ ṣúgà. A ṣẹ̀dá àtọ̀gbẹ láti ara à-, tọ̀ àti gbẹ: kí ènìyàn máa tọ̀, kí ó sì máa gbẹ. Ìtọ̀ ṣúgà ń tọ́ka sí adùn inú ìtọ̀. Bákan náà ni ti àwọn ará Gíríìkì, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí 'ṣíṣàn kọjá' pe àrùn yìí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni a fi ọ̀rọ̀ Látìn tí ó jẹ mọ́ oyin kún un. Àtọ̀gbẹ ni a fara mọ́, nítorí ìtọ̀ ṣúgà lè mú kí a rò pé ṣúgà jíjẹ nìkan ni ó fa àrùn náà.

3. Pánkíríàsì kì í ṣe òróǹro

Ẹ̀yìn àpòlúkù ni pánkíríàsì wà. Àwọn ògbufọ̀ kan ń pè é ní òróǹro. Àṣìṣe ńlá ni èyí, nítorí omi kíkorò tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, àti àpò rẹ̀, ni Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a bá sọ fún pé òróǹro rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ mọ́ lè parí èrò sí pé ìkorò ni ara òun ń fẹ́, kí ó gbára lé omi ewúro, kí ó sì pa oògùn tì. Ó sàn kí a yá ọ̀rọ̀ tuntun lò ju kí a ṣi ọ̀rọ̀ àtijọ́ lò lọ.

4. Erékùṣù àti aró

Ní 1869, Paul Langerhans, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Berlin, fi awò wo pánkíríàsì, ó sì rí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ṣù jọ káàkiri láàárín àwọn yòókù. Ó ṣàpèjúwe wọn, ṣùgbọ́n kò lè sọ iṣẹ́ wọn. Ní 1889, ní ìlú Strasbourg, Minkowski àti von Mering yọ pánkíríàsì ajá. Àtọ̀gbẹ sì mú ajá náà. Ní 1893, Laguesse, ará Faransé, pe àwọn ìṣù sẹ́ẹ̀lì náà ní erékùṣù Langerhans. Láti ara ọ̀rọ̀ Látìn fún erékùṣù ni a ti ṣẹ̀dá ínsúlínì, tí Banting àti Best rí fà yọ ní Toronto ní 1921. Bí a bá lo erékùṣù, ìbátan yìí yóò hàn sí akẹ́kọ̀ọ́.

Bí a bá gé pánkíríàsì ní pẹlẹbẹ tí ó nípọn tó ìdá 5 nínú 1,000 mìlímítà, tí a gbé e sábẹ́ awò, gbogbo rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. Aró ni ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tí ó mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ̀ pé inú ìkòkò aró kan náà ni gbogbo aṣọ wọ̀, síbẹ̀ ibi tí ẹ̀kọ wà kò gba aró. Bẹ́ẹ̀ ni aró kan wà tí í máa sọ hóró inú sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà, tí ó ń ṣe ínsúlínì, di elésè àlùkò, tí kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí sẹ́ẹ̀lì álífà tí ó wà nítòsí. Nítorí náà, rírẹ ní aró ni a yàn dípò kíkùn ní ọ̀dà: ojú nǹkan ni ọ̀dà ń bò, inú rẹ̀ ni aró ń wọ̀.

5. Kò sí mọ́ àti kò tó

Nínú àtọ̀gbẹ irú kìn-ín-ní, a máa ń rí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí wọ́n ti wọ inú erékùṣù. Bí ó bá pẹ́, sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀. Nínú irú kejì, sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà ṣì wà, bí ó tilẹ̀ dín kù, ara kò sì gbọ́ràn sí ínsúlínì bí ó ti yẹ. Kí ògbufọ̀ má ṣe pa méjèèjì pọ̀. Òbí tí a bá sọ fún pé ínsúlínì ọmọ rẹ̀ 'kò tó', nígbà tí kò sí mọ́ rárá, lè dá abẹ́rẹ́ dúró ní ọjọ́ tí ara ọmọ bá yá díẹ̀. Ikú ni ó lè gbẹ̀yìn rẹ̀.

6. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá nìyí:
awò amúhuntóbi: ẹ̀rọ tí a fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí;
pánkíríàsì: ẹ̀yà ara ẹ̀yìn àpòlúkù;
erékùṣù: ìṣù sẹ́ẹ̀lì inú pánkíríàsì;
sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà: èyí tí ó ń ṣe ínsúlínì;
rírẹ ní aró: fífi aró ya sẹ́ẹ̀lì kan sọ́tọ̀ lára òmíràn.

A rọ àwọn olùkọ́ àti ògbufọ̀ láti dán wọn wò nínú kíláàsì àti lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn, kí wọ́n sì sọ èyí tí kò bá dúró fún wa.