Ọmọ Já Bọ́ Lórí Jàǹgílọ́fà Iléèwé: Ta Ni Òfin Máa Mú?

ÌBÉÈRÈ: Lọ́yà, olùkọ́ kíláàsì kẹta ni mí ní iléèwé aládàáni kan n'Íbàdàn. Lóṣù tó kọjá, nígbà bíréékì, ṣéènì jàǹgílọ́fà já, ọmọkùnrin ọmọ ọdún méje kan já bọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Èmi ni mò ń ṣọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ náà, mo wà níbẹ̀, àmọ́ mi ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sọ fún Màmá tó ni iléèwé pé ṣéènì yẹn ti dípẹtà. Mo tiẹ̀ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Ní báyìí, bàbá ọmọ ní òun máa fi ọlọ́pàá mú mi. Màmá ní kí n fọwọ́ sí ìwé pé èmi ni mo jẹ̀bi, pé fọ́ọ̀mù tí òbí kọ nígbà tó mú ọmọ wá ti yọ iléèwé kúrò nínú ọ̀rọ̀. Wáyà ni wọ́n fi so jàǹgílọ́fà náà padà. Bàbá yìí kan náà ti kọ̀wé tẹ́lẹ̀ pé ká má na ọmọ òun, ṣùgbọ́n Màmá ní òfin gba olùkọ́ láàyè láti na ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?
Olùkọ́ tí kò rí oorun sùn, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ má fọwọ́ sí ìwé yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná kí n tó kí yín kú ìdààmú. Ìwé tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí pé ẹ jẹ̀bi ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé síwájú adájọ́. Bí Màmá bá ń fẹ́ ìwé, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an: ọjọ́, aago, ibi tẹ́ ẹ dúró sí, bí ọmọ ṣe ṣubú, ohun tẹ́ ẹ ṣe lẹ́yìn náà. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì pa ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn rẹ́. Ìpín 84 nínú òfin ẹ̀rí ọdún 2011 gbà kí ilé ẹjọ́ wo irú rẹ̀, bí wọ́n bá mú un wá bí òfin ṣe là á sílẹ̀.

Ìlànà tí ilé ẹjọ́ wa ń tẹ̀ lé lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1893, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ẹjọ́ Williams àti Eady, ọwọ́ àwọn ọmọ iléèwé tẹ ìgò phosphorus tí wọn ò tọ́jú síbi tó yẹ. Ó bú gbàù, ó sì ṣe ọmọ kan léṣe. Ilé ẹjọ́ ní irú ìtọ́jú tí bàbá tó ń ṣọ́ra máa fún ọmọ rẹ̀ ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ kíyè sí i pé kò ní kí olùkọ́ di áńgẹ́lì. Ọmọ bàbá tó ń ṣọ́ra náà ń ṣubú. Ohun tí adájọ́ máa béèrè ni pé: ṣé ewu náà hàn síta? Ta ló mọ̀? Ta ló lágbára láti mú un kúrò, kí ló sì ṣe?

Ewu náà hàn sí yín, ẹ sì sọ. Ẹni tó lówó àti àṣẹ láti pe jórinjórin ni kò pè é. Kódà ká ní ẹ̀yin lẹ jáfara, ọ̀gá ló ń dáhùn fún ohun tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe nídìí iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ iléèwé ni òbí ti máa kọ́kọ́ béèrè owó gbà-má-bìínú. Fọ́ọ̀mù yẹn ò sì lè gba Màmá sílẹ̀ bó ṣe rò, torí ọmọ tó fara pa ló ni ẹ̀tọ́ láti béèrè owó náà, ọmọ ọ̀hún kò sì fọwọ́ sí nǹkan kan.

Àmọ́ ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin náà ò mọ́ tán. Ẹ mọ̀ pé ṣéènì ti dípẹtà, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí ọmọ gùn ún. Bàbá tó ń ṣọ́ra tí kò lówó ṣéènì tuntun máa ká ìjókòó rẹ̀ sókè, á sì lé ọmọ kúrò ńdìí rẹ̀. Lọ́yà tó bá dúró fún bàbá ọmọ náà máa bi yín léyìí.

Ní ti ọlọ́pàá, ìpín 32 nínú òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn lórí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ìwà ọ̀daràn. Ìjáfara tó fa ìfarapa bí irú èyí, ẹjọ́ owó ló sábà máa ń jẹ́. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ lọ pẹ̀lú lọ́yà.

Ẹgba ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù. Òótọ́ ni pé ìpín 295 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa fàyè gba olùkọ́ láti fi ẹgba tọ́ ọmọ sọ́nà. Àwọn tó bá ń ka ìlà yẹn kì í ka ìyókù. Ìbáwí náà kò gbọ́dọ̀ dá egbò sí ọmọ lára, kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ orí àti ìlera rẹ̀ lọ, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ na ọmọ tí kò tíì lóye ìdí tẹ́ ẹ fi ń nà án. Ọwọ́ òbí ni àṣẹ náà ti wá: òfin kà á sí pé òbí ti gbé e lé olùkọ́ lọ́wọ́, àyàfi bí òbí bá sọ ní pàtó pé òun ò gbé e. Bàbá yìí ti sọ, ó tún kọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá na ọmọ rẹ̀ lọ́la, láìláṣẹ lẹ nà án, ọlọ́pàá á sì rí ìdí wá. Ẹ fi ìpín 11 òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ọdún 2003 kún un. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ìyà tó ń tàbùkù ènìyàn jẹ ọmọ, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà sì ti ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kó òfin ẹgba wá bá wa ti gbé ẹgba kúrò ní iléèwé ìjọba tiwọn láti 1987. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ gbé tiyín náà jù sílẹ̀.

Ẹ lọ kí ọmọ náà nílé. Kíkí kì í ṣe ìjẹ́wọ́, ọ̀pọ̀ òbí tó fẹ́ lọ sí kóòtù kàn ń retí pé kí ẹnì kan wá béèrè ọmọ wọn ni. Àti wáyà tí wọ́n fi so jàǹgílọ́fà yẹn: mo bẹ Màmá, kí bíréékì ọ̀la tó dé, kí wọ́n tú u kúrò nílẹ̀ pátápátá.