Jó, Jò àti Jẹ: Ọ̀rọ̀-ìṣe Mẹ́ta nínú Títún Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì Ṣe

Odògbolú wà ní ẹ̀bá òpópónà tí ó ti Ṣàgámù lọ sí Benin. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ akẹ́rù ń gba ibẹ̀ kọjá; nítorí náà, èdè àwọn mẹkáníìkì kì í ṣe àjèjì sí etí ará ìlú. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ tẹ́tí sí èdè yìí kí ó tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun. Orúkọ ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì kò fi bẹ́ẹ̀ nira: písítìnì, ríńgì, gásíkẹ́ẹ̀tì àti nọ́sùlù ti di ọ̀rọ̀ àyálò. Ọ̀dọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ni ìṣòro wà.

Ní ọdún 1897 ni Rudolf Diesel fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ hàn ní Augsburg, ní ilẹ̀ Jámánì. Ẹ́ńjìnnì náà kò ní plọ́ọ̀gì tí ń ṣáná. Písítìnì a fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí yóò fi gbóná gidigidi. Bí nọ́sùlù bá wá tu epo sí i, epo a gbiná fúnra rẹ̀. Nínú OM 352 ti Mercedes-Benz, àyè tí afẹ́fẹ́ gbà a dín kù di ìdá kan nínú 17. Bí afẹ́fẹ́ bá ń sá jáde, iná kò ní ràn dáadáa. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a mọ ibi tí àbùkù wà kí a tó tú ohunkóhun.

Bí mẹkáníìkì bá ní, ‘Ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì,’ ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ́ìlì ń gba ara ríńgì tí ó ti gbó kọjá, ó sì ń bá epo jóná. Èéfín a ní àwọ̀ búlúù. Písítìnì gbọdọ̀ jáde, kí a sì wọn ríńgì àti ògiri sílíńdà. Bí ó bá ní, ‘Ẹ́ńjìnnì ń jo ọ́ìlì,’ ìta ni ọ́ìlì ń kán sí. Síìlì tuntun lè tó. Ṣùgbọ́n ‘Gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó’ túmọ̀ sí pé iná ti ba gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì jẹ́. Bí omi bá tibẹ̀ wọ inú sílíńdà, èéfín a funfun. A ó ṣí orí náà, a ó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti tẹ̀, kí a tó fi òmíràn sí i.

Ìṣọ́ra pọndandan nínú àkọsílẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ‘jò’ a máa di ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, ‘jo ọ́ìlì’. Bí ìwé kò bá sì fi àmì ohùn sórí ‘jó’, ojú kan náà ni méjèèjì ní. Ọmọ iṣẹ́ lè tú odidi ẹ́ńjìnnì nítorí síìlì kan, tàbí kí ó máa bu ọ́ìlì sí èyí tí gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti jó.

Nítorí náà, kí ìwé ẹ̀kọ́ fi ‘jẹ’ sílẹ̀ fún ọ́ìlì tí ń tán nínú sílíńdà, ‘jò’ fún èyí tí ń kán síta, àti ‘jó’ fún ohun tí iná bàjẹ́. Kí àmì ohùn má sì ṣe wọ́n rárá.