Kí Ni Kí N Pe Sóbò Mi?

Olóòtú, sóbò ni mò ń tà. Èyí tí mo fi ọ̀pẹ òyìnbó àti atalẹ̀ sí ni àwọn oníbàárà ń bèèrè jù, mo sì fẹ́ tẹ lébẹ́ẹ̀lì sára ike rẹ̀. Àkọ́bí mi ní kí n kọ “mixture”. Àbúrò rẹ̀ tó ń kọ́ kẹ́mísírì ní “compound” ni. Àbúrò tèmi ní “concoction”. Atẹ̀wé ní “blend” ni gbogbo ayé ń kọ. Lójú tèmi, àdàlù ni gbogbo wọn. Èwo ni kí n mú?
Ìyá Onísóbò, Ìbàdàn

Ìyá wa, ajé á wọgbá o. Ẹ kọ blend. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, kí àwọn ọmọ má baà ní ẹ̀yìn atẹ̀wé ni mo gbè sí.

Kí Òyìnbó tó mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ yìí, ó ní ohun tó máa ń wò: ṣé a ṣì lè ya àwọn nǹkan náà sọ́tọ̀, ta ló dà wọ́n pọ̀, kí ló sì ní lọ́kàn?

Ọmọ yín tó ní compound gbọ́ ohun tí tíṣà sọ, sóbò ni kò bá a mu. Iyọ̀ ọbẹ̀ ni ká pè bẹ́ẹ̀. Sodium jẹ́ irin tó rọ̀ débi pé ọ̀bẹ lè gé e, ó sì lè gbiná bó bá kan omi. Chlorine jẹ́ afẹ́fẹ́ olóró. Òun ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú síta lójú ogun ní ìlú Ypres lọ́dún 1915. Àwọn méjèèjì wá so pọ̀, wọ́n di ohun tí à ń fi sọ́bẹ̀, a kò sì rí ìwà ìkankan nínú wọn mọ́. Sóbò yín kò dé ibẹ̀: atalẹ̀ inú rẹ̀ ṣì ń ta lọ́fun. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó bá rí Compound lára ike n'Íbàdàn, agboolé ta ni yóò máa bèèrè.

Mixture kò ṣẹ̀ sí sáyẹ́ǹsì rárá. Àmọ́ oògùn ikọ́ inú ìgò ló ń mú wá sọ́kàn, ta ló sì fẹ́ rántí ìyẹn nínú oòrùn ọ̀sán?

Ti àbúrò yín ló pa mí lẹ́rìn-ín. Inú èdè Látìn ni concoction ti wá, “sè pọ̀” lásán ló sì túmọ̀ sí. Lónìí, bí Gẹ̀ẹ́sì bá pe oúnjẹ yín bẹ́ẹ̀, ó ń fi ọgbọ́n bèèrè ohun tí ẹ fi sí i ni; irọ́ tí ènìyàn jókòó hun náà ń jẹ́ concoction. Àwa la fi ìrẹsì elépo ra orúkọ náà padà. Concoction rice kì í ṣe èébú nílé wa, pàápàá nígbà tí oṣù bá ń parí lọ. Ṣùgbọ́n àlejò tó ń ra sóbò kò mọ inú ìkòkò yín.

Blend gan-an ní ẹjọ́ tirẹ̀. Lẹ́nu wa, ohun tí bílẹ́ńdà ń ṣe sí ata ni. Nídìí òwò tíì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí bílẹ́ńdà níbẹ̀. Ewé láti Assam, Kenya àti Sri Lanka ni wọ́n máa ń dà pọ̀. Òjò àti oòrùn kì í jẹ́ kí ewé oko kan dùn bákan náà lọ́dọọdún, nítorí náà àwọn atọ́wò á fi kún ti ìhín, wọ́n á dín ti ọ̀hún kù, títí tíì ọdún yìí yóò fi dùn bíi tèṣí. Ohun tí blend ń sọ fún oníbàárà nìyẹn: ẹnì kan wọ̀n ọ́n, ó mọ̀ ọ́n ṣe, ike tọ̀la kò ní yàtọ̀ sí tòní. Ìlérí ni. Bí ẹ bá ṣì ń fi ojú wọn atalẹ̀, ẹ ra òṣùwọ̀n kí ẹ tó tẹ lébẹ́ẹ̀lì.

Ẹ kò bi mí nípa hotchpotch, ṣùgbọ́n mi ò lè gbójú fò ó. Èdè Faransé ló ti wá, ìkòkò tí wọ́n ń mì. Lẹ́nu gbogbo ènìyàn, àdàlù tí kò lórí tí kò nídìí ni. Àmọ́ nínú òfin ogún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1925, hotchpot ni pé bí bàbá bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ọmọ tó ti gba ẹ̀bùn ńlá lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ka ẹ̀bùn náà mọ́ ogún kí wọ́n tó pín in. Wọ́n ti fagi lé e fún ẹni tó bá kú láti 1996. Mo mọ àwọn ẹbí kan níbí tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ìbá gbà lọ́wọ́ ìjà.

Ọ̀rọ̀ tí mi ò fẹ́ kó kàn yín ni adulterated. Dídàpọ̀ ni òun náà, ẹ̀tàn ló wà nídìí rẹ̀. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ lórí epo pupa tí àwọn kan ń fi aró Sudan sí kó lè pọ́n. Bí ẹ bá bu aró sí sóbò kó lè dà bíi pé ìṣápá pọ̀ níbẹ̀, inú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ bọ́ sí, ohun yòówù tí lébẹ́ẹ̀lì ìbáà wí.

Atalẹ̀ máa ń sọ̀ sísàlẹ̀ ike, nítorí náà ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n mì í dáadáa kí wọ́n tó mu ún. Bí ẹ bá sì ń to ohun tó wà nínú rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù ló ń ṣáájú. Omi ni yóò kọ́kọ́ jókòó. Tí ṣúgà bá pọ̀ ju ọ̀pẹ òyìnbó lọ, iwájú rẹ̀ ni ẹ máa kọ ọ́ sí o, ìyá wa.